Ìkókó Tí Kì Í Sùn Lóru àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Tí Kì Í Jókòó Lọ́sàn-án

Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà sábà máa ń fún obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni pé kí ó máa sùn nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tó bí àkọ́bí. Àmọ́ fún obìnrin tí ọmọ ọlọ́dún méjì ń fà láṣọ níwájú, tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò ṣeé tẹ̀ lé. Àsìkò tí ìkókó bá sùn lọ́sàn-án gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń béèrè oúnjẹ, tí yóò da omi sílẹ̀, tàbí tí yóò gun àga lọ wo ohun tó wà lórí pẹpẹ. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí ẹ̀gbọ́n sùn lọ, ìkókó yóò jí.

Ọ̀rọ̀ náà tún le jù fún àwọn ìdílé Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò gbé lọ sí Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Kánò tàbí Port Harcourt. Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó lè wá láti ilé, kí ó wẹ ọmọ, kí ó se ọbẹ̀, kí ó sì pọn ẹ̀gbọ́n kiri àdúgbò fún oṣù kan tàbí méjì. Nígbà tí ìyá àgbà bá di ẹrù rẹ̀ padà sílé ni ojú ìṣòro náà máa ń là. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn tí yóò mú kí ọmọ sùn mọ́jú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé jíjí ìkókó lóru kì í ṣe àìsàn. Kò sí oògùn fún un. Ohun tó ṣeé tún ṣe ni bí àwọn àgbà inú ilé ṣe ń pín òru àti ọ̀sán láàárín ara wọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Òwe náà bá ọmọ alágídí wí, ṣùgbọ́n kò bá ìkókó wí rárá. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé jáde ní ọdún 2019, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin nílò oorun wákàtí 14 sí 17 láàárín wákàtí 24. Ìkókó tó ń dá ìyá rẹ̀ lóorun dúró ń sùn tirẹ̀ dáadáa, àfi pé wẹ́wẹ́ ló ń sùn ún, tí kò sì bìkítà bóyá ojúmọ́ ni tàbí òru.

Ìdí pọ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Inú ọmọ tuntun kéré, wàrà ọmú sì máa ń tètè dà, nítorí náà ebi yóò pa á lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Yàtọ̀ sí èyí, ara rẹ̀ kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti òru. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí èròjà inú ara tó ń pe oorun nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ létòlétò nínú ọmọ. Bákan náà, oorun àgbàlagbà máa ń yí láti inú oorun fífẹ́lẹ́ sí oorun ìjìnlẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, ṣùgbọ́n ti ìkókó kì í ju ìṣẹ́jú 50 sí 60 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni oorun fífẹ́lẹ́. Nínú irú oorun bẹ́ẹ̀, ọmọ á máa kérora, á máa rẹ́rìn-ín, á máa ju ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì lè là díẹ̀. Òbí tó bá sáré gbé e nígbà náà lè jẹ́ ẹni tó jí i gan-an. Ó dára kí a dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí a gbọ́ bóyá ẹkún ni tàbí ìkérora ojú oorun lásán.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ètò oorun ọmọ máa ń yí padà sí èyí tó jọ ti àgbà, èyí sì lè mú kí ọmọ tó ti ń sùn pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí lemọ́lemọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọmọ ti mọ̀ pé ìyá òun lè lọ kí òun máà rí i, ẹ̀rù náà á sì máa jí i lóru. Àwọn òbí a máa di gbogbo èyí ru eyín tó ń hù. Lóòótọ́, eyín lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kí ó sì máa bínú fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fa ibà gbígbóná, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná ní àsìkò tí eyín ń hù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti bí a ṣe lè lo òru náà, kí ó dá bí òru ni àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá jí, kí iná má pọ̀, kí a má bá a ṣeré, kí a má sì pààrọ̀ ìlédìí àyàfi tó bá yàgbẹ́ tàbí tí ó tutù jù. Kí ó mu ọmú, kí a gbé e sùn. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ariwo ilé má sì dáwọ́ dúró nítorí rẹ̀. Ọmú ìyá lóru ṣe pàtàkì, nítorí pé òru ni èròjà tó ń mú kí wàrà sun máa ń pọ̀ jù lára ìyá. Àwọn kan máa ń gba ìyá níyànjú pé kí ó fi ògì kún oúnjẹ ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè sùn pẹ́. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ju wàrà ọmú lọ, kódà kò nílò omi tàbí àgbo, ògì àmupara sì lè fún un lọ́nà ọ̀fun tàbí kí ó fún un ní ìgbẹ́ gbuuru.

Ọ̀rọ̀ ooru tún ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún, ní apá òkè ọya, bí iná bá lọ tí fáànù dúró, kò sí ọmọ tí kò ní jí. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó, kí a ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ sì sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ní ìlú Jọ́ọ̀sì lásìkò ọyẹ́, òdìkejì ni àwọn òbí máa ń ṣe: fìlà, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì fún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ó bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Ní ti jẹnẹrétọ̀, kí ó máà sí ní báńkóníì, kí ó máà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá. Èéfín olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn òbí máa ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín wákàtí 24, tí oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò wákàtí 10 sí 13. Nígbà tí àbúrò bá dé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́ ni ètò yìí. A ò wẹ̀ fún un lásìkò mọ́, a ò tètè fún un lóúnjẹ alẹ́, ó di agogo mẹ́wàá kí ó tó sùn. Ọmọ kékeré tí kò sùn tó kì í tòògbé bí àgbà. Ṣe ni yóò máa sáré kiri, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan, àwọn òbí á sì máa pè é ní aláìgbọràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ a tún padà sí ìwà ọmọ ọwọ́: yóò máa tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, yóò ní òun náà fẹ́ mu ọmú, tàbí kí ó gbá àbúrò rẹ̀ létí. Ìlara ni, kò sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lílù kò ní mú un lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti rí i pé ààyè òun ṣì wà, ìwà náà yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Nítorí náà, bí agbára ìdílé kò bá ju kí wọ́n di ètò kan ṣoṣo mú, oorun ẹ̀gbọ́n ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe ti ìkókó. Ìkókó kò tíì lè tẹ̀ lé ètò. Ẹ̀gbọ́n lè tẹ̀ lé e. Ìwẹ̀, oúnjẹ, àlọ́ kúkúrú kan, kí iná kú, ní àkókò kan náà lálaalẹ́, kí ó sì jẹ́ pé ẹnìkan yàtọ̀ sí ìyá ló ń ṣe é bí ó bá ṣeé ṣe. Ó dára jù kí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti ìgbà tí oyún ti wà, kí ọmọ má baà rò pé ìkókó ló lé òun kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé ẹkún ìkókó yóò jí ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́dún méjì tó tètè sùn kì í tún jí sí ẹkún náà mọ́.

Àkókò tó le jù lọ́sàn-án ni ìgbà tí ìyá bá jókòó fún ọmọ lọ́mú, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ìyá òun dí. Ọgbọ́n kan tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ìyá ní apẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí wọn kì í ṣí àyàfi lásìkò ọmú: ìdérí ìgò ńláńlá, àwòrán, bọ́ọ̀lù aláṣọ, ìpanu díẹ̀. Òmíràn ni àlọ́. Àǹfààní àlọ́ ni pé kò gba ọwọ́, kò gba ìwé, kò sì nílò iná, ẹ̀gbọ́n yóò sì máa gbe orin rẹ̀ nígbà tí àbúrò ń mu ọmú lọ. Àsìkò tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù wá di àsìkò tirẹ̀.

Ohun tó tún yẹ ni kí ìyá wá wákàtí kan lọ́sàn-án tí gbogbo ilé yóò fi dùbúlẹ̀, bóyá láàárín agogo kan sí mẹ́ta. Bí ẹ̀gbọ́n kò bá tilẹ̀ sùn, kí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ohun tó lè ṣe é léṣe má sì sí nínú yàrá náà. Bí owó bá wà fún un, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárọ̀ lè gba ìyá là. Ẹni tó kọ́kọ́ pe irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn títì yìí kì í ṣe àsọdùn. Ìyá tí kò sùn fún òru mẹ́ta lè tòògbé lórí àga lọ́sàn-án láìmọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó fún ọmọ ọlọ́dún méjì. Kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lára ohun tó ń gbé àwọn ọmọdé dé ilé ìwòsàn jù ní ilẹ̀ wa nítorí májèlé. Bí ọmọ bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì, nítorí pé èébì náà lè gbé kẹrosíìnì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Garawa omi tí kò ní ìdérí náà léwu. Ọmọ kékeré tí orí rẹ̀ wúwo lè ṣubú sínú rẹ̀, kí ó má sì lè dìde.

Nípa òru, ohun tí ara ìyá nílò jù ni oorun wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò já. Oorun wákàtí mẹ́jọ tí a já sí ọ̀nà mẹ́fà kì í tu ara lára. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ìyá fún ọmọ lọ́mú ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, kí ó lọ sùn lójú ẹsẹ̀ nínú yàrá mìíràn, kí bàbá sì mójú tó ìkókó títí di ọ̀gànjọ́. Bí ebi bá pa ọmọ láàárín àkókò náà, bàbá lè fi kọ́ọ̀bù kékeré fún un ní wàrà ọmú tí ìyá ti fún sílẹ̀. Irú wàrà bẹ́ẹ̀ lè wà fún wákàtí mẹ́rin níta fíríìjì bí yàrá bá tutù díẹ̀. Lásìkò ooru, kí ó má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀gànjọ́ di òwúrọ̀, ó kan ìyá. Bí bàbá kò bá sí nílé, àbúrò ìyàwó, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tó lè gba ẹ̀gbọ́n fún wákàtí méjì lójoojúmọ́ lè dí àlàfo náà dé ìwọ̀n kan.

Àwọn ọkùnrin kan á ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn lówùúrọ̀. Òtítọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ ń dúró de ìyàwó náà, nínú ilé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ ọkùnrin gba ìsinmi ọjọ́ 14 lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọmọ mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí i kò yẹ kí ó fi í jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí ìyá àgbà bá ń bọ̀ wá, ó lè ṣàǹfààní jù kí bàbá gba ìsinmi náà lẹ́yìn tí ìyá àgbà bá ti lọ, bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín, tí wọ́n ń pè ní My Pikin, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà nítorí pé èròjà olóró kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Àjọ NAFDAC ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é pa. Àwọn òbí tó rà á kì í ṣe aláìbìkítà. Ọmọ wọn ń sunkún, wọ́n fẹ́ kí ó sinmi. Yàtọ̀ sí oògùn tí nǹkan olóró wọ̀, àwọn òbí kan tún ń lo oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún tó ń múni sùn. Promethazine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan, wà lára wọn. Láti ọdún 2004 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá, nítorí pé ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Kò sí kẹ́míìsì tó yẹ kí ó ta á fún òbí kí ọmọ lè sùn.

Ibi tí ọmọ ń sùn náà ṣe pàtàkì. Àwọn ìyá àgbà fẹ́ràn kí ọmọ dojú bolẹ̀ sùn, nítorí pé oorun rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n oorun tó jinlẹ̀ jù yẹn gan-an ló léwu. Láti ọdún 1992 tí àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn òbí máa gbé ọmọ sùn ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ìdùbúlẹ̀, tí wọ́n sì wá mú un dúró lórí ìdùbúlẹ̀ nìkan lẹ́yìn náà, iye ìkókó tó ń kú lójijì lójú oorun níbẹ̀ ti dín ju ìdajì lọ. Ẹ̀yìn ọmọ ni kí ó fi lélẹ̀, lórí fóòmù tó le, láìsí ìrọ̀rí. Kí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá, lórí ibùsùn tirẹ̀ bí ààyè bá wà. Nínú yàrá kan tí gbogbo ìdílé ń sùn, tí èyí kò bá ṣeé ṣe, ó kéré tán kí ẹ̀gbọ́n má sùn ti àbúrò, nítorí pé ọmọ ọlọ́dún méjì kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun dé lójú oorun. Kí ẹnikẹ́ni tó mu ọtí tàbí oògùn oorun má sùn tì í. Ibi tó burú jù lọ ni àga onítìmùtìmù, níbi tí ìyá ti jókòó fún un lọ́mú tí oorun sì gbé e lọ.

Àárẹ̀ yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Gẹ́gẹ́ bí àjọ WHO ti wí, nǹkan bí obìnrin 13 nínú 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lágbàáyé ló ń ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì; ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, wọ́n tó 20 nínú 100. Ìyá tó rẹ̀ yóò sùn bí ẹnìkan bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí kò lè sùn kódà nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì ti sùn, tí ń sunkún láìnídìí, tí kò fẹ́ wo ojú ọmọ, tàbí tí ń rò pé ó sàn kí òun kú, ìtọ́jú ni ó nílò, kì í ṣe ìbáwí. Ọmọ yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ìyá sì lè sọ ohun tó ń ṣe é fún nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí èrò pé kí ó pa ara rẹ̀ tàbí ọmọ bá ti wọlé, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ àjẹsára. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ní ìgbẹ̀yìn, ọmọ tó ń jí lóru, tó ń mu ọmú dáadáa, tó sì ń sanra kò ní àìsàn. Ọmọ tó yẹ kí òbí bẹ̀rù fún ni ẹni tí oorun rẹ̀ pọ̀ jù lójijì, tí kò jí mu ọmú, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí funfun ojú rẹ̀ bá di pupa rúsúrúsú, kí wọ́n má gbé e sí oòrùn òwúrọ̀ kí wọ́n sì máa retí. Ilé ìwòsàn ni, nítorí pé àìsàn náà lè ba ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kánfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ìkókó lè fa irú rẹ̀ fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gba èròjà náà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Nàìjíríà. Bákan náà ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 38, ọmọ tó ń mí gúlegúle, èyí tí gìrì mú, tàbí èyí tí àwùjẹ̀ orí rẹ̀ wú. Kí wọ́n má dúró di òwúrọ̀, kí wọ́n jí ẹnìkan ní àdúgbò láti dúró ti ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n sì máa lọ.